Eré Ẹ̀gbẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Àyọ̀kẹ́

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹfà, 1978

Wọ́n ti so ẹsẹ̀ Àyọ̀kẹ́ ọmọ mi. Egungun itan ló kán. Dókítà lẹ báńdéèjì gígùn mọ́ ọn láti òkè dé ọrùn ẹsẹ̀, ó fa okùn gba orí kẹ̀kẹ́ kékeré kan ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sì so irin wúwo rọ̀ sí i. Ó ní kí egungun má bàa gun ara wọn ni. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa wà, ó lè tó oṣù méjì. Oṣù méjì lójú kan, ọmọ tí kì í jẹun tán kó tó sáré jáde.

Ìgbọ̀nwọ́ bàbá rẹ̀ nìkan ló bó. Alùpùpù yọ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ ní ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ nínú òjò àná, nígbà tó ń gbé e bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ orin ìparí ọdún ilé-ìwé.

Àyọ̀kẹ́ kò tíì sọ̀rọ̀. Kò sunkún. Àjà ló ń wò.

Ẹtì, 16 Oṣù Kẹfà

Mo gbé ẹ̀kọ àti ẹyin lọ. Ẹyin kan ti di kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní Ọjà Ọba. Kò fọwọ́ kàn án. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bá a wí, mo tún bẹ̀ ẹ́. Sístà Olúyẹ́misí, nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó o, rọra gba àwo náà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ lọ sinmi. Ẹ̀yin náà ò tíì jẹun."

Akínbọ́lá ọkọ mi bá mi lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó rí okùn, ó rí irin, ó ní òun gbàgbé nǹkan sí ọ́fíìsì. Kò gbàgbé nǹkan kan.

Àìkú, 18 Oṣù Kẹfà

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àbúrò Àyọ̀kẹ́ méjèèjì ti wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìyìn, ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́.

Ní ọ̀sán ni Ilésanmí àbúrò mi dé láti Ìbàdàn. Oṣù tó kọjá ló ti Amẹ́ríkà wọlé, ó ń dúró de ibi tí wọn yóò rán an lọ fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ó jókòó ti Àyọ̀kẹ́ fún ìgbà pípẹ́, kò bi í ní nǹkan kan. Nígbà tí a ń padà bọ̀ ló sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi ipá mú un sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá a ṣeré."

Ó yọ àpò kékeré kan. Dáìsì ló kún inú rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ti lúdò. Ọ̀kan lójú mẹ́rin, ọ̀kan lójú mẹ́jọ, èyí tó tóbi jù lójú ogún. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò láti bí ọdún mẹ́wàá, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ní yunifásítì ló kọ́ òun. Kò sí pátákó, kò sí káàdì. Ẹnìkan á máa sọ ibi tí ẹ wà àti ohun tó wà níwájú yín. Àwọn yòókù á yan irú ènìyàn tí wọ́n fẹ́ jẹ́, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, dáìsì á sọ bóyá ó ṣeé ṣe.

"Ta ló wá ń borí?"

"Kò sẹ́ni tó ń borí. Ẹ jọ ń lọ ni."

Irú eré wo nìyẹn?

Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kẹfà

"Ìlú kan wà," ni Ilésanmí bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Adébáyọ̀ àdúgbò wa láàárọ̀ yìí, "tí kò ní omi mọ́. Òmìrán kan gun òkè lọ síbi tí odò wọn ti ń sun, ó dùbúlẹ̀ lé e lórí, oorun sì gbé e lọ. Odò gbẹ. Àwọn kan gbọ́dọ̀ gun òkè náà lọ kí omi lè padà. Àyọ̀kẹ́, o lè jẹ́ jagunjagun, tó ní idà àti asà. O lè jẹ́ ọdẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún nínú igbó. O lè jẹ́ oṣó, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. O lè jẹ́ olè, tí kò sí àgádágodo tí kò lè ṣí. O sì lè jẹ́ aláàánú, tó ń wo ọgbẹ́ àwọn yòókù sàn. Èwo lo fẹ́?"

Òjò ń lu páànù. Mo fẹ́ dá sí i, Ilésanmí tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

"Jagunjagun," ni Àyọ̀kẹ́ wí.

Ọ̀rọ̀ kan péré. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi ìborùn mi nu ojú.

Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Kẹfà

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lónìí nítorí oṣó.

Màmá kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì sí ti Àyọ̀kẹ́, àgbẹ̀ ni wọ́n, láti Ìgbẹ́mọ, Àládùúrà. Àtọ̀gbẹ kò jẹ́ kí egbò ẹsẹ̀ wọn jinná. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ti ń fetí sí eré náà bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tí Ilésanmí fi oṣó kan pàdé jagunjagun lójú ọ̀nà, wọ́n dìde jókòó.

"Oṣó kẹ̀! Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń gbàdúrà?"

"Màmá, eré ni."

"Mo gbọ́ pé eré ni. Ẹ fún un lórúkọ mìíràn."

A jọ fẹnu kò sí "amòye". Inú wọn rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè èwo nínú àwọn ènìyàn náà ló ń gbàdúrà. Ilésanmí yí orí, ó ní bóyá aláàánú ló sún mọ́ ọn jù. "Èmi nìyẹn," ni wọ́n wí. Wọ́n gba dáìsì ojú ogún, wọ́n dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n di ojú, ètè wọn ń mì, ó pẹ́ kí wọ́n tó jù ú. Ó já sí mọ́kàndínlógún.

"Ẹ rí i bí?"

Àyọ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo fi etí mi méjèèjì gbọ́ ọ.

Ọjọ́bọ̀, 29 Oṣù Kẹfà

Ó jẹ ẹ̀bà tán, ó sì bèèrè ẹran. Òjò látàárọ̀ dalẹ́.

Ajé, 3 Oṣù Keje

Jagunjagun kú lónìí.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti máa ń dá lọ níwájú. Màmá Ìgbẹ́mọ ń pè é, "Ọmọ mi, dúró dè mí, ẹsẹ̀ ń dùn mí o," òun á ní, "Ẹ má tẹ̀lé mi." Wọ́n dé odò kan tó kún. Ilésanmí kìlọ̀ fún un. Ó ní òun á là á kọjá. Ó ju dáìsì, ó já sí ení. Omi gbé jagunjagun lọ.

"Ó kú?"

"Ó kú, Àyọ̀kẹ́."

Ó yí ojú sí ògiri. Mo ní, "Sanmí, jẹ́ kó tún un jù."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò tún ní gbà mí gbọ́ mọ́."

A jà títí a fi délé. Mo ní ọmọ tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ìwọ ń pa á. Ó ní òun ò pa ọmọ, jagunjagun ló kú, ọmọ wà níbẹ̀, yóò sì yan ẹlòmíràn. Mi ò fi ẹran sí oúnjẹ rẹ̀. Ó lọ bù ú fúnra rẹ̀.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Keje

Ilésanmí kò tíì jókòó tí Àyọ̀kẹ́ fi sọ pé, "Ọdẹ ni mí báyìí. Ọdẹ kì í wọ omi láìkọ́kọ́ fi igi wọ̀n ọ́n."

Mo tẹjú mọ́ àwo oúnjẹ. Ilésanmí náà kò wò mí.

Sístà Olúyẹ́misí parí iṣẹ́, kò lọ sílé. Ó fa àpótí kan, ó ní òun fẹ́ jẹ́ olè. Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ni o! "Ẹ má jẹ́ kí àlùfáà wa gbọ́," ló wí, ó sì jí bàtà òǹtajà kan kí ó tó di pé a jìnnà sí ẹnubodè ìlú.

Àmọ́ ọdẹ náà ń dá lọ níwájú, bíi jagunjagun.

Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Keje

Wọ́n ya fọ́tò egungun. Orí egungun méjèèjì kò kojú ara wọn dáadáa. Dókítà fi irin kún irin tó ń fà á. Ó ní bí kò bá yí padà, a ní láti gbé e lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n là á, kí wọ́n fi irin sínú egungun. Ìdí bẹ́ẹ̀dì ló dúró sọ gbogbo rẹ̀, bí ẹni pé ọmọ náà kò gbọ́ èdè.

Nígbà tó lọ tán: "Màmá, ṣé wọ́n máa gé e ni?"

"Rárá o. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó tọ́ka sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Wọ́n ti sọ fún Màmá Ìgbẹ́mọ pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn méjì ò ní ṣeé gbà là.

Ẹtì, 14 Oṣù Keje

Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ilé ìwòsàn ló sọ fún mi. Ojoojúmọ́ ni Akínbọ́lá ń wá tí iṣẹ́ bá ti parí. Ó máa ń dúró lábẹ́ igi lẹ́bàá géètì, á bi nọ́ọ̀sì tó bá ń jáde bí Àyọ̀kẹ́ ṣe jí, á sì padà.

Mo bi í lórí oúnjẹ. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó, Monínúọlá? Èmi ni mo gbé e ṣubú."

Ìyá Àyọ̀kẹ́ ló máa ń pè mí. Mi ò mọ ìgbà tó ti pe orúkọ mi kẹ́yìn. Mo bu iṣu kún iṣu rẹ̀.

Ajé, 17 Oṣù Keje

Wọ́n ti gé ìka méjèèjì fún Màmá Ìgbẹ́mọ. Màmá ní kí a má dá eré dúró nítorí àwọn, aláàánú ṣì ń bá wọn lọ. Ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ti ju dáìsì.

Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Keje

Sókótó ni wọ́n rán Ilésanmí. Ọjọ́ Ẹtì ni yóò lọ.

"Ta ló máa wá máa sọ ìtàn?" ni Àyọ̀kẹ́ bèèrè.

Ilésanmí na ìka sí mi.

"Màmá? Màmá ò mọ̀ ju ìṣirò lọ."

Kò parọ́.

Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Keje

Ìtìjú ńlá. Èmi ni mo dìde dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé pátákó ìkọ̀wé wà lẹ́yìn mi. Mo ní, "Ẹ ti dé afárá kan. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà ogójì. Ènìyàn mẹ́ta péré ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Kí ni ẹ máa ṣe?" Mo sì dúró kí wọ́n nawọ́ sókè.

Màmá Ìgbẹ́mọ sùn lọ. Sístà rántí abẹ́rẹ́ tó fẹ́ gún fún ẹnìkan. Àyọ̀kẹ́ ní, "Ẹ ṣé, Màmá," ohùn tí ènìyàn fi ń dúpẹ́ ọbẹ̀ tí kò dùn.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Màmá lajú. "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rìn díẹ̀ kí ẹ tó bi wá ní ìbéèrè. Ẹ sọ bí ulẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí."

Ajé, 24 Oṣù Keje

Ọ̀pọ̀ nǹkan ṣẹlẹ̀ lónìí. Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe lọ gan-an.

Nígbà tí a jáde ní ilé-ìwé, mi ò lọ tààrà. Mo gun òkè àpáta tó wà lẹ́yìn ọgbà wa. Ọdún mélòó ni mo ti ń kọ́ni lábẹ́ rẹ̀, mi ò gùn ún rí. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, oòrùn yọ, èéfín ń rú lára òkúta. Aláǹgbá ń sáré kọjá lórí rẹ̀. Mo gbọ́ igbe ewúrẹ́ láti ìsàlẹ̀ àti ohùn obìnrin tó ń pe ọmọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kéré bí ohun tó wà nínú ìgò. Bàtà mi yọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo di gbòǹgbò igi kan mú.

Mo gbé òkè náà lọ sí wọ́ọ̀dù. Mo jókòó lónìí, mi ò dúró. Mo sọ bí òkúta ṣe gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ tí omi sì wà lórí rẹ̀, mo sọ ti ewúrẹ́, ti gbòǹgbò. Kò sẹ́ni tó sùn. Sístà gbé àtẹ́ oògùn dání títí ó fi gbàgbé pé òun gbé e dání. Màmá ní, "Mo ń gbóòórùn òkúta náà."

Ibì kan wà tí àpáta ti ga tó sì ń yọ̀. Mo ní kí wọ́n so okùn mọ́ ara wọn ní ìbàdí. Ọdẹ kọ̀.

"Kí ló dé tí ọdẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ òun?" Mo bi í bí a ṣe ń bi ọdẹ, kì í ṣe bí a ṣe ń bi ọmọ.

"Ẹni tó bá wà pẹ̀lú rẹ̀ á ṣubú."

"Ta ló sọ fún un?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ṣebí òun ló ṣí agboòrùn."

Kò sí agboòrùn kankan nínú ìtàn mi.

Màmá Ìgbẹ́mọ rọra yí ojú sí òdìkejì. Sístà gbé àtẹ́ rẹ̀ lọ. Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú, ó sì sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀. Òjò ń pa á lẹ́yìn bàbá rẹ̀ lórí alùpùpù. Bàbá ti sọ fún un pé kó má ṣí agboòrùn náà. Ó ṣí i. Afẹ́fẹ́ gbá a mú, ó fà á sẹ́yìn, ó di bàbá rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ lọ sílẹ̀.

"Bàbá ń bínú sí mi. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi wá wò mí."

Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Keje

Mo sọ fún Akínbọ́lá. Ẹ̀yìnkùlé ló wà, ó ń bó ọsàn. Ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò ọ́fíìsì.

"Ó rò pé mò ń bínú sí òun?"

"Bẹ́ẹ̀ ló rò ó."

"Láti ọjọ́ náà?"

Ó dìde, ó lọ mú fìlà rẹ̀. Mo ní àsìkò àbẹ̀wò ti kọjá, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé. Ó dé fìlà náà rìn kiri inú ilé títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Keje

Akínbọ́lá wọlé lónìí. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Màmá Ìgbẹ́mọ, ó kí Sístà, ó kí gbogbo ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù kan lẹ́yìn èkejì, ó sì wá dúró níwájú ọmọ rẹ̀ láìní ìkíni kankan mọ́.

"Ẹ káàsán, Bàbá," ni Àyọ̀kẹ́ wí. Ó ń wo aṣọ ìbora rẹ̀.

"Àyọ̀kẹ́ mi."

Ó tán síbẹ̀. Mo mú dáìsì jáde, mo ní kí a máa bá eré lọ. Mo sọ fún ọkọ mi pé kó yan ẹni tó fẹ́ jẹ́, mo ka gbogbo wọn fún un.

Ó gbọ́ tán, ó ronú. "Ta ló ń ru ẹrù wọn?"

"Ẹrù kẹ̀?"

"Wọ́n ní àgọ́. Wọ́n ní oúnjẹ, okùn, ìkòkò. Ẹ ti ń gun òkè láti oṣù tó kọjá. Ta ló ń rù ú?"

Sístà bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rò ó rí. Mo ní kò sí aláàárù nínú eré náà. Àyọ̀kẹ́ ní, láìgbójú sókè, "Ó lè wà níbẹ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni aláàárù ṣe bá wọn lọ. Wọ́n dé ibi àpáta tó ń yọ̀ náà. Mo ní òkúta kan ré lókè, ó bá ọdẹ ní orúnkún, kò lè dá gùn ún mọ́.

"Màá gbé e," ni aláàárù wí.

"Rárá," ni ọdẹ wí. "A máa ṣubú."

"Màá gbé e."

Mo fún un ní dáìsì ojú ogún. Ó jù ú. Ó já sí méjì.

Gbogbo wọn wò mí. Bí mo bá sọ pé kò ṣubú, Àyọ̀kẹ́ á mọ̀. Ilésanmí ti sọ fún mi. Mo ní, "Ẹsẹ̀ aláàárù yọ̀. Àwọn méjèèjì ṣubú. Wọ́n yí gbirigbiri dé ìsàlẹ̀."

Mo kórìíra ara mi.

Ọkọ mi kò wo dáìsì, kò wò mí. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò. "Mo dìde," ló wí. "Mo lọ síbi tí ó wà. Mo bi í pé ṣé ó fara pa."

Àyọ̀kẹ́ gbójú sókè. "Ó fara pa."

"Mo ní kó má bínú."

"Òun ló fà á. Bàbá, èmi ni mo ṣí i. Ẹ ti ní kí n má ṣí i."

"Mo mọ̀. Èmi náà ni mò ń sáré nínú òjò. Mi ò bínú sí ẹ, Àyọ̀kẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo, mi ò bínú sí ẹ. Ojú rẹ ni mò ń sá fún."

Ó tẹ̀ ba lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wá ibi tó lè di ọmọ mú tí kò ní kan okùn. Orí rẹ̀ nìkan ló rí. Ó gbé e lé àyà.

Màmá Ìgbẹ́mọ nu ojú, wọ́n ní, "Ó yá, ẹ fún un ní dáìsì yẹn. Ìsàlẹ̀ òkè ṣì ni wọ́n wà o." Ó tún un jù. Ó já sí mọ́kànlá, ó tó.

Ajé, 31 Oṣù Keje

Fọ́tò tuntun. Egungun ti kojú ara wọn, ó sì ti ń dì. A ò lọ sí Ìbàdàn mọ́. Mo jókòó sórí pèpéle ilé ìwòsàn, mo jẹ gúgúrú tán kí n tó lè dìde.

Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹjọ

Màmá Ìgbẹ́mọ lọ sílé lónìí. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n gbàdúrà fún wa títí awakọ̀ fi fọn fèrè. "Mò ń rulé," ni wọ́n ń sọ fún gbogbo ènìyàn, bí ẹni tó ń lọ síbi ìyàwó.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, Àyọ̀kẹ́ wo bẹ́ẹ̀dì òfìfo náà. "Màmá, ta ni yóò máa wo ọgbẹ́ wọn báyìí?" Kò dúró kí n dáhùn. "Ọdẹ á padà sílé. Èmi ni aláàánú."

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n tú okùn. Ẹsẹ̀ náà tín-ín-rín, awọ rẹ̀ ń bó. Bàbá rẹ̀ fi òrí pa á fún un.

Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹjọ

Ìdúró àkọ́kọ́. Mo rò pé yóò kàn dìde ni. Òòyì kọ́ ọ, ó bì. Sístà ní kó kọ́kọ́ jókòó, kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ibẹ̀, kí ó má wo ilẹ̀, kí ó wo ojú ẹni tó wà níwájú. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ó sunkún, ó bú ẹsẹ̀ náà. Lẹ́ẹ̀kẹta ó dúró.

Ẹsẹ̀ òsì kúrú díẹ̀ sí ọ̀tún. Dókítà ní ó lè bá a dọ́gba bó ṣe ń dàgbà, ó sì lè má bá a dọ́gba.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kẹjọ

Ilé. Àwọn àbúrò rẹ̀ ti Ìyìn dé, wọ́n ń fi igi ìtilẹ̀ tó fi ń rìn ṣeré títí ọ̀kan fi gbá ara rẹ̀ nímú.

Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Màmá Ìgbẹ́mọ wá fún àyẹ̀wò ẹsẹ̀, wọ́n sì yà sọ́dọ̀ wa ní Adébáyọ̀ pẹ̀lú ìrẹsì Ìgbẹ́mọ odidi abọ́ ńlá. A ránṣẹ́ pe Sístà. Gbogbo wa jókòó yí tábìlì ká. Òní la ó dé ọ̀dọ̀ òmìrán.

Mo ti múra ogun sílẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti ń ṣírò rẹ̀, bí òmìrán yóò ṣe jí, bí yóò ṣe bínú, iye dáìsì tó lè borí rẹ̀. Olè ní òun fẹ́ fi igbá bu omi lábẹ́ rẹ̀. Amòye tí wọ́n pàdé lọ́nà ti kú. Màmá ní kí ẹnìkan kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń ṣe é.

Àyọ̀kẹ́ ní, "Mo jí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo ní ẹ dákun, ẹ dìde, omi wà lábẹ́ yín."

Kò sí èyí nínú ìmúrasílẹ̀ mi. Mo gbìyànjú láti fi ohùn òmìrán sọ̀rọ̀. "Mi ò lè dìde. Ó ti pẹ́ tí mo ti dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ti gbàgbé." Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Àyọ̀kẹ́ gbé igi ìtilẹ̀ rẹ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sún síwájú lórí àga. "Ẹ má dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ jókòó. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín rọ̀ sílẹ̀. Ó máa ta yín bí èèrà, ìyẹn ò burú. Òòyì á kọ́ yín, ẹ lè bì, kò sẹ́ni tó máa fi yín ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ má wo ilẹ̀. Èmi ni kí ẹ máa wò. Ẹ di èjìká mi mú."

"Mo wúwo," ni mo wí.

"Mo mọ̀. Bàbá á di ẹ̀gbẹ́ kejì mú."

Mo gbé dáìsì fún un. Ó wò ó, ó gbé e padà sí ọwọ́ mi. "Màmá, èyí kò nílò dáìsì."

Òótọ́ ni. Òmìrán jókòó. Òmìrán dúró. Mo jẹ́ kí omi jáde lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kọ́kọ́ pọ́n, ó wá mọ́, ó ń sọ̀kalẹ̀ gba ibi gbogbo tí wọ́n ti kọjá, títí dé ìlú. Màmá Ìgbẹ́mọ ń sọ pé "Àmín" sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Akínbọ́lá jáde lọ wo bóyá òjò ti fẹ́ rọ̀. Ojú ọ̀run mọ́ kedere.

Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Àyọ̀kẹ́ yóò wọ Fọ́ọ̀mù Wáànù ní ilé-ìwé girama. Bàtà rẹ̀ ti dé lọ́dọ̀ ẹni tó ń rán an, tòsì ga díẹ̀ ju tọ̀tún lọ. Ó fi í rìn káàkiri pálọ̀, ó ní ó dára.

Mo ti to ìlú tuntun kan fún eré wa. Etí òkun ni. Mi ò rí òkun ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ní Èkó, àmọ́ mo ti rò ó títí mo fi ń gbọ́ ọ. Mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo da dáìsì sílẹ̀, mo pe Àyọ̀kẹ́.

Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà lórí igi rẹ̀ kan ṣoṣo. Àwọn ọmọbìnrin ilé kejì ń pè é níta, wọ́n fẹ́ ṣe tẹ́ńtẹ́ń.

"Màmá, ẹ má bínú. Ṣé ó lè di ọ̀la?"

"Tẹ́ńtẹ́ń? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ wo?"

"Mo ti sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni mo máa lò."

Mo ní kó máa lọ. Mo jókòó sídìí tábìlì. Inú mi dùn, mo sì fẹ́ sunkún, mi ò mọ èwo ló pọ̀ jù. Ìlú tí mo tò, gbogbo ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, dúró sí mi lórí.

Akínbọ́lá jáde láti yàrá. Ó wo aṣọ tábìlì, ó wò mí, ó fa àga Àyọ̀kẹ́, ó jókòó.

"Mi ò fẹ́ ru ẹrù mọ́ o," ló wí. "Ẹ̀yìn ń dùn mí. Èwo ló tún kù?"

"Jagunjagun wà. Ọdẹ, amòye, aláàánú. Olè náà wà."

"Olè." Ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n, akọ̀wé ìjọba. "Èyí ni kí n gbìyànjú wò."

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìlú kan wà létí òkun, tí iná ilé ìṣọ́ rẹ̀ ti kú. A kò tíì dé etíkun tí ariwo Àyọ̀kẹ́ fi gba gbogbo àdúgbò, ó ń ké pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, òun kọ́kọ́ fẹsẹ̀ sílẹ̀, kí gbogbo wọn padà wá tún un ṣe.